Ẹ̀rọ Tó Ń Gbọ́ Ìṣó Ara Rẹ̀

Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, inú ẹ̀fọ́ ló ń gbé. Katakata yóò túlẹ̀ oko Látúndé lọ́la, bẹ́ẹ̀ òrùka wúrà tó bọ́ lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀ kó tó dolóògbé ṣì wà níbẹ̀. Látúndé fi wáyà kọ́pà ṣe ẹ̀rọ tí ń ké bó bá súnmọ́ irin tàbí wúrà, àmọ́ ibi gbogbo ló ń ké. Ó tún wáyà wé, ó pààrọ̀ bátìrì. Igbe ò dá.

"Kí lò ń gbọ́ gan-an?" ló bi ẹ̀rọ náà.

Àyọ̀ká, àbúrò rẹ̀, tẹjú mọ́ ọn. "Bùọ̀dá mi, kí lẹ fi kan wáyà mọ́ igi?"

"Ìṣó ni."

"Ṣé ewé ni wọ́n fi ń rọ ìṣó ni?"

Látúndé rẹ́rìn-ín. Ó yọ ìṣó, ó fi okùn di wáyà náà mọ́ igi. Ẹ̀rọ dákẹ́, àfi ìgbà tí wọ́n dé ìdí ata tí olóògbé gbìn. Látúndé kúnlẹ̀, ó fọwọ́ wa ilẹ̀, ó rí òrùka náà. Kò gba ìka rẹ̀ kankan, àfi ọmọńdinrín.