Àmín Tó Há sí Òkété Lẹ́nu

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Ohùn àwọn ọmọdé nìkan ni mo gbọ́. Ẹ̀yin àgbà, ṣé oorun ti gbé yín lọ ni? Àlọ́ o!

Àlọ̀ ọ̀!

Ní ìgbà kan rí, òjò rọ̀ títí odò fi kún wọ ilé àwọn ẹranko. Kálukú gbé ìwọ̀nba oúnjẹ tó kù sílé rẹ̀, ó sá gun òkè. Inú ihò àpáta kan ni wọ́n forí pamọ́ sí. Bàbá Àgbọ̀nrín, àgbà wọn, gbé ẹ̀wà wá. Ọ̀kẹ́rẹ́ gbé epo pupa àti ata gbígbẹ wá. Òkété mú iyọ̀ ẹ̀kúnwọ́ kan dání. Ìyá Ẹtu, opó tó ń tọ́ ọmọ méjì, gbé àpò gaàrí kan wá.

Wọ́n ní kí Ìyá Ẹtu máa se oúnjẹ, nítorí ọwọ́ rẹ̀ dùn. Lọ́jọ́ kìíní, ó se ẹ̀wà títí ó fi rọ̀ múlọ́múlọ́. Ó din ata nínú epo, òórùn rẹ̀ gba gbogbo ihò. Ó dà á lé ẹ̀wà lórí, ó wọ́n iyọ̀ sí i. Kò sí ẹran, kò sí ẹja, síbẹ̀ itọ́ ń dà lẹ́nu gbogbo wọn.

Òkété bá dìde. Ó ní, "Ẹ̀yin ará, ṣé bí ewúrẹ́ la ó ṣe máa jẹun ni, láìdúpẹ́? Abẹ́ pẹpẹ ilé àdúrà ni wọ́n bí mi sí. Ẹ dijú, kí n gbàdúrà. Ẹni tó bá lajú kí n tó ṣe Àmín, kò ní jẹ níbẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Ìyá Ẹtu lára, nítorí ó bẹ̀rù Ọlọ́run. Ó di ojú rẹ̀ pinpin.

"Ẹni tó dá òjò!"

"A dúpẹ́ o!"

"Ẹni tó dá ẹ̀wà!"

"A dúpẹ́ o!"

Àdúrà gùn, ó gùn. Nígbà tó yá, Òkété ṣe Àmín. Wọ́n lajú.

Yéè! Ìkòkò ti fà dé ìdajì!

Ọ̀kẹ́rẹ́ fò sókè. "Ta ló jẹ ẹ́? Àdúrà la ṣáà ń gbà!"

Òkété mi orí. "Èmi ò fẹ́ dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́ o. Ṣùgbọ́n ẹni tó se é ló mọ iye tó sè."

Gbogbo ojú yí sí Ìyá Ẹtu. Òun kẹ̀? Òun tí kò tíì tọ́ oúnjẹ náà wò pàápàá?

Lọ́jọ́ kejì, bákan náà ló rí. Wọ́n dijú, ìkòkò kún. Wọ́n lajú, ó ti dín. Bàbá Àgbọ̀nrín sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ìbànújẹ́. "Ìyá Ẹtu, ọmọlúàbí ni mo kà ọ́ sí. Bí èyí bá tún ṣẹlẹ̀ lọ́la, ìwọ àti àwọn ọmọ rẹ ó jáde."

Kí wọ́n jáde? Sínú àgbàrá? Àwọn ọmọ tí ẹsẹ̀ wọn kò tíì ranlẹ̀? Ìyá Ẹtu fa àwọn ọmọ rẹ̀ mọ́ra.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ẹ̀wà tán, epo tán. Ó ku gaàrí. Ìyá Ẹtu da gbogbo rẹ̀ sínú ọpọ́n lójú gbogbo wọn, ó gbé omi tútù sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò tíì da omi sí i. Ẹ ṣáà mọ̀ pé gaàrí tí a bá rẹ kí àdúrà tó parí, á ti wú, kò ní ṣeé mu mọ́.

Ó ní, "Ẹ ti rí i pé ó kún. Ọ̀kẹ́rẹ́, di ọwọ́ ọ̀tún mi mú. Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ di òsì mú."

Òkété rẹ́rìn-ín. "Ìyá, àṣejù nìyẹn. Ṣé wọ́n máa ń di olódodo lọ́wọ́ mú ni?"

"Ẹ ṣáà gbàdúrà yín, wòlíì abẹ́ pẹpẹ."

Wọ́n dijú.

"Ẹni tó dá òjò!"

"A dúpẹ́ o!"

"Ẹni tó dá gaàrí!"

"A dúpẹ́ o!"

"Ẹni tó… mmm…"

"A dúpẹ́ o!"

Ó wá dákẹ́ lọ gbári. Wọ́n ń retí Àmín, Àmín kò dé. Èémí kan ṣáá ni Ìyá Ẹtu ń gbọ́, tó ń dún fín-ìn, fín-ìn.

Ọ̀kẹ́rẹ́ sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Àbí Ẹ̀mí ti bà lé e ni?"

"Dijú rẹ, kó o má pàdánù gaàrí!" Bàbá Àgbọ̀nrín ló dá a lóhùn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ti ń ro òun náà. "Òkété, ṣe Àmín!"

"Mmm."

"Mo ní kó o ṣe Àmín!"

"Mmm! Mmm!"

Bàbá Àgbọ̀nrín lajú. Igbe tó ké ló mú kí Ìyá Ẹtu la tirẹ̀.

Ha! Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Òkété ti tóbi ju orí rẹ̀ lọ! Ìyẹ̀fun gaàrí kún irun ẹnu rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà nínú ọpọ́n!

Ẹ̀yin ọmọ, àpò wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ Òkété. Ẹ̀wà ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ ní epo, ó yọ̀ wọlé wẹ́rẹ́. Gaàrí gbígbẹ ló kì sẹ́nu lọ́tẹ̀ yìí, itọ́ sì kàn án. Kò ṣeé gbé mì, kò ṣeé tu. Òkété bá bẹ́ mọ́ omi.

Ìyá Ẹtu pariwo, "Má mu ún o!"

Ó ti mu ún. Kí ni gaàrí ń ṣe bó bá rí omi?

Ó ń wú!

Ó wú, ó ń wú sí i. Òkété bẹ́ sínú òjò, ó gbẹ́lẹ̀, ó wọlẹ̀ lọ. Títí di òní, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ṣì rí jọ̀bọ̀tọ̀, ìtìjú kì í sì í jẹ́ kó jáde lọ́sàn-án.

Bàbá Àgbọ̀nrín kúnlẹ̀, àgbà tòun tìwo lórí. "Ìyá Ẹtu, a ṣẹ̀ ọ́. Dárí jì wá."

Ìyá Ẹtu fà á dìde. Ó wo àwọn ọmọ rẹ̀, ó wo gaàrí tó kù. "Bàbá, àdúrà yẹn kò tíì parí. A kò tíì ṣe Àmín."

"Ìwọ ni kó o parí rẹ̀."

Kò dijú. Ó ní, "Olúwa, o rí mi. Àmín."

"Àmín!" Wọ́n da omi sí gaàrí.

Ìdí àlọ́ mi rèé. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ máa dúpẹ́ lórí oúnjẹ, ì báà ṣe gaàrí lásán. Ẹni tó bá fi orúkọ Ọlọ́run ṣe ìbòjú olè, ọjọ́ ń bọ̀ tí Àmín yóò kọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ẹ̀yin àgbà, tiyín náà wà níbẹ̀: ẹ má fi ojú dídì dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́.