Bàbá Mojíròlá Níwájú Ìgbìmọ̀

Nínú gbogbo ọ̀nà tí mo ti tọ̀, n kò tíì rí ẹnu tó mú tó ti Mojíròlá, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama Ìdí-Ọsàn. Òun ló gbégbá orókè nínú ìdánwò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìlú fi ń rán ọmọ kan lọ sí yunifásítì, ṣùgbọ́n Olóyè Ajíbóyè, alága ìgbìmọ̀, fẹ́ fi ọmọ tirẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Ó ní fún Mojíròlá: "Kí bàbá rẹ wá dúró níwájú wa lónìí, kó fọwọ́ sí ìwé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ náà. Bí kò bá wá, máa lọ sílé." Ó mọ̀ dájú pé bàbá ọmọ náà, àbúrò òun gan-an, ti kú. Mojíròlá kúnlẹ̀. "Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń kórè kòkó bàbá mi?" Wọ́n ní: "Alága ni. Àwọn ló jogún oko." Mojíròlá yíjú sí alága: "Ṣé ẹni tó jogún oko òkú kò jogún ọmọ rẹ̀ ni? Bàbá mi rèé níwájú yín. Bí wọ́n bá ní àwọn kọ́, kí wọ́n dá oko padà." Ìgbìmọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Olóyè nu ojú, ó nawọ́: "Ẹ mú bírò wá jàre. Ọmọ mi ni."