Ọkọ̀ Tí Wọ́n Ní Kí Adùnọlá Gbé Wá Láti Ìsàlẹ̀ Òkun

Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, Adùnọlá ń mu ẹ̀kọ gbígbóná ní èbúté Igbókòdà, ó ń wo ọkọ̀ ojú omi kan ṣoṣo tí ọkọ rẹ̀ olóògbé fi sílẹ̀ fún un, bó ṣe ń gbé páìpù lọ síbi tí wọ́n ti ń wa epo rọ̀bì lójú òkun. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìjì ti ri ọkọ̀ náà, àwọn òṣìṣẹ́ inú rẹ̀ nìkan ló yè. Tẹ̀wógbadé, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ adójútòfò tó ń gbowó lórí ọkọ̀ náà, ní àwọn kò ní ra òmíràn fún un àfi bó bá gbé èyí tó rì wá kí àwọn fojú rí i. Adùnọlá ní, "Kò burú, sà. Ẹ wá ká jọ lọ wò ó." Nígbà tí Tẹ̀wógbadé àti àwọn ọmọọṣẹ́ rẹ̀ dé èbúté, ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ kékeré kan ni wọ́n bá. Nídìí iṣẹ́ epo, wọn kì í jẹ́ kí àlejò wọ ọkọ̀ láìbi í bóyá ó ní adójútòfò ẹ̀mí, Adùnọlá sì bi Tẹ̀wógbadé. "Èmi kẹ̀? Mo ní in dáadáa!" "Bí omi bá wá gbé yín lọ ńkọ́, sà? Ṣé ìyàwó yín á kọ́kọ́ gbé yín wá sí ọ́fíìsì kí wọ́n tó dá a lóhùn?" "Ìyá yìí, ẹnu yín ò dáa o! Ta ló ń bèèrè ohun tí òkun ti gbé mì? Bí àwọn tó wà níbẹ̀ bá ti jẹ́rìí, ó parí." Adùnọlá yíjú sí àwọn òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ tó rì, tí wọ́n tò sẹ́yìn rẹ̀: "Àwọn tó wà níbẹ̀ dà?" "Àwa rèé, Màmá!" Àwọn ọmọọṣẹ́ Tẹ̀wógbadé fọwọ́ bo ẹnu. Ọ̀gá wo ọ̀pẹẹrẹ, ó wo omi, ó ní, "Ó ti tó, ẹ jẹ́ ká máa lọ." Ọkọ̀ tuntun ló ń gbé páìpù láti èbúté náà báyìí.