Ìkóódẹ Tí Ẹ̀gà Kò Tètè Fi Wọlé

Nígbà láéláé, nígbà tí ẹyẹ kọ̀ọ̀kan kò tíì ní ohùn tirẹ̀ lọ́tọ̀, gbogbo orin ayé wà nínú igi osè kan ní ẹ̀bá odò. Ihò ńlá wà ní ìdí igi náà, ó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àgbò lè gbà á wọlé láì tẹ orí ba. Inú rẹ̀ tutù, ẹ̀ka gbígbẹ sì pọ̀ níbẹ̀ tí ẹyẹ lè bà lé. Ẹni tó bá ní orin a gbé e wá síbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ orin a lọ kọ́ ọ níbẹ̀.

Orin kò dà bí omi inú ìkòkò. Bí a bá bu omi, omi yóò dín kù. Ṣùgbọ́n bí Òrófó bá kọ́ orin lẹ́nu Àkùkọ, orin náà ti wà lẹ́nu méjì nìyẹn.

Òfin kan ṣoṣo ni ilé náà ní. Bí o bá ti kọ́ orin kan tán, o gbọ́dọ̀ dúró lórí ẹ̀ka kí o máa kọ ọ́, títí ẹlòmíràn yóò fi wá kọ́ ọ lẹ́nu rẹ. Lẹ́yìn náà ni o tó lè máa lọ. Ìdúró ni wọ́n ń pè é. Odídẹrẹ́ àgbà, tó máa ń jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ni ó ń mójú tó o.

Àṣá ni ó kọ́kọ́ ba nǹkan jẹ́. Ó wọlé ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó kọ́ orin súfèé kan, ó sì na ìyẹ́ rẹ̀ láti fò lọ.

"Àṣá, ìdúró rẹ ńkọ́?" Odídẹrẹ́ bi í.

"Ìyá, ẹ má bínú," Àṣá dáhùn, ó ń rẹ́rìn-ín. "Àwọn òròmọdìẹ ń retí mi."

Nígbà tí àwọn yòókù rí i pé ohunkóhun kò ṣe Àṣá, àwọn náà bẹ̀rẹ̀ sí í gba orin lọ láì dúró. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn ẹ̀ka ṣófo. Orin tí kò bá sì ní ẹni tó dúró tì í, píparẹ́ ni ó ń parẹ́. Orin ìkórè iṣu lọ. Orin òjò àkọ́rọ̀ lọ. Àwọn tó kánjú kọ́ wọn ti gbàgbé ìdajì kí wọ́n tó délé.

Odídẹrẹ́ ronú sí ọ̀rọ̀ náà títí. Nígbà tó yá, ó bẹ àwọn ikán pé kí wọ́n fi amọ̀ dí ihò ńlá náà. Wọ́n dí i, wọ́n sì ṣẹ́ ojú ihò kékeré kan kù nísàlẹ̀, tí ẹyẹ kan lè gbà wọlé bí ó bá pa ìyẹ́ rẹ̀ mọ́ra. Ó wá pe gbogbo ẹyẹ jọ.

"Láti òní lọ," ó ní, "ẹni tí mo bá fún ní ìkó pupa kan nínú ìrù mi nìkan ni yóò máa wọlé. Bí ó bá dé ẹnu ọ̀nà, yóò dá ìkó náà padà fún mi, yóò sì kọjá. Ẹ̀yin náà rí i pé ìkó ìrù mi kò pọ̀. Ẹni tí mo bá mọ̀ pé ó lè dúró ni màá fún."

Kí ọjọ́ náà tó dé, kò sí ẹni tó ka ìrù Odídẹrẹ́ sí. Ṣùgbọ́n bó ti sọ ọ̀rọ̀ yìí tán, kò sí ẹyẹ tí ojú rẹ̀ tún kúrò níbẹ̀. Lékèélékèé, tí kò tíì fẹsẹ̀ tẹ ilé orin náà láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, sún mọ́ iwájú.

"Ìkó pupa yẹn yóò mà yẹ ara funfun yìí o!" ó ní.

"Orin wo lo fẹ́ kọ́?" Odídẹrẹ́ bi í.

"Orin?" Lékèélékèé wo ilẹ̀, ó wo òkè. "Èyíkéyìí tí ẹ bá ní nílé náà dára, ìyá."

Odídẹrẹ́ kò fún un.

Ẹ̀gà ní tirẹ̀ mọ ohun tó fẹ́. Ìtẹ́ rẹ̀ wà lórí ọ̀pẹ, ó là sílẹ̀ bí àwo tí kò ní ìdérí. Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn ọmọ rẹ̀ a máa ké, Àṣá a sì máa yí lókè, ó ń fi igbe wọn wá ibi tí wọ́n wà. Orin arẹmọlẹ́kún kan wà nínú igi osè tó lè mú ọmọ ẹyẹ sùn kí oòrùn tó wọ̀. Àdàbà arúgbó nìkan ni ó kù tó dúró ti orin náà.

Ẹ̀gà lọ bá Odídẹrẹ́. "Ẹ kú ìjókòó, ìyá."

"Ẹ̀gà, ọmọ mi, káàbọ̀. Ilé ńkọ́?"

"Ilé kò rọgbọ, ìyá. Àwọn ọmọ kì í sùn, Àṣá sì ti mọ ohùn wọn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n kọ́ orin tó wà lẹ́nu Ìyá Àdàbà. Màá dúró. Ẹ mọ̀ mí."

Odídẹrẹ́ mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Ẹ̀gà yìí ti fìgbà kan rí dúró ti orin kan jálẹ̀ ìgbà òjò, tí gbogbo ara rẹ̀ rin gbindin. Odídẹrẹ́ fa ìkó kan yọ, ó sì fún un.

"Jẹun kí o sì padà wá láàárọ̀ ọ̀la," ó ní. "Má pẹ́ o. Ohùn Àdàbà ń lọ sílẹ̀ lójoojúmọ́. Bí ó bá dákẹ́, kò sí ẹlòmíràn."

Ẹ̀gà dúpẹ́, ó fò lọ sílé. Kí ìkó náà má baà já bọ́, ó fi há àárín ìyẹ́ orí rẹ̀. Ológoṣẹ́, aládùúgbò rẹ̀, ni ó kọ́kọ́ rí i.

"Yéè! Ẹ wá wo Ẹ̀gà o! Ẹ wá wo ohun tó wà lórí Ẹ̀gà!"

Kíá ni ọ̀pẹ kún. Àwọn kan ní kí ó yí ọ̀tún, àwọn kan ní kí ó yí òsì. Lékèélékèé, tí kì í kí ẹnikẹ́ni lórí ọ̀pẹ náà, rọra tẹ orí ba fún un. "Ẹ̀gà, a kò mà mọ̀ pé ẹni ńlá ni ọ́ ládùúgbò wa!"

Ara Ẹ̀gà gbóná fún ìdùnnú. Kò sí ẹni tó ti pè é ní ẹni ńlá rí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó dé ìdí igi osè. Ó kù díẹ̀ kí ó dé ẹnu ọ̀nà ni ó rántí pé òun yóò dá ìkó náà padà. Ó dúró. Bí òun bá jáde láìsí ìkó lórí, ta ni yóò gbà pé òun wọlé rí? Ó ní nínú ara rẹ̀ pé ọ̀la kò jìnnà, ó sì yí padà.

Ọ̀la dé, ó tún di ọ̀la mìíràn. Àyọ̀ká, obìnrin tó ń dá oko ọkà bàbà lẹ́bàá odò, rí i bó ti ń kọjá, ó sì fi ọkọ́ rẹ̀ ti ilẹ̀.

"Ẹ̀gà, ohun tó wà lórí rẹ yìí dára o! Níbo ni wọ́n ti ń fún ni?"

"Ẹni tí wọ́n bá mọ̀ ni wọ́n ń fún," Ẹ̀gà dáhùn, ó sì gbé orí sókè. Àyọ̀ká kò béèrè ohun tí wọ́n ń fi ìkó náà ṣe.

Ológoṣẹ́ ni ó béèrè. "Orin náà ńkọ́? Ṣé ó dùn?"

"N kò tíì wọlé."

"O kò tíì wọlé! Kí lo wá ń gbé ìkó yìí kiri fún? Àbí o fẹ́ fi jẹ oyè lórí ọ̀pẹ níbí ni?"

Odídẹrẹ́ rán Lámilámi sí i pé ohùn Àdàbà ti ń há. Ẹ̀gà ní òun ń bọ̀. Ṣùgbọ́n Lékèélékèé ti pè é sí àpèjọ àwọn ẹyẹ etí odò, ibẹ̀ ni ó sì kọ́kọ́ yà.

Nígbà tó ń padà bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ó gbọ́ igbe àwọn ọmọ rẹ̀ láti òkèèrè. Ó gbójú sókè, ó rí Àṣá tó ń bọ̀ ṣòòròṣò sórí ọ̀pẹ.

"Ẹ pariwo!" Ológoṣẹ́ kígbe. "Gbogbo yín, ẹ pariwo! Kó má mọ ibi tí ohùn àwọn ọmọ ti ń wá!"

Gbogbo ẹyẹ orí ọ̀pẹ lanu lẹ́ẹ̀kan náà. Ariwo náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí igbe àwọn ọmọ rì sínú rẹ̀. Ohun tí Àṣá já gbà kò ju koríko etí ìtẹ́ lọ. Ó fò lọ pẹ̀lú ìbínú.

Ẹ̀gà ka àwọn ọmọ rẹ̀. Wọ́n pé. Ó yọ ìkó náà lórí, ó fi ẹnu mú un, ó sì fò tààrà lọ sí ìdí igi osè.

Odídẹrẹ́ kò bá a wí. "Wọlé, ọmọ mi," ó ní. Kò tilẹ̀ gba ìkó náà.

Ẹ̀gà pa ìyẹ́ mọ́ra, ó gba ihò kékeré náà wọlé. Àdàbà wà lórí ẹ̀ka rẹ̀, ọ̀fun rẹ̀ ń mì.

"Kùú," ó ní. "Kùú-kùú. Kùú."

"Ìyá Àdàbà, mo ti dé. Ẹ jọ̀wọ́, ìyókù ńkọ́?"

Àdàbà gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i. "Kùú-kùú." Lẹ́yìn náà ni ó mi orí. "Mo dúró dè ọ́, ọmọ mi," ó sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ nìkan ló kù."

Nígbà tí Ẹ̀gà jáde, ó na ìkó náà sí Odídẹrẹ́.

"Máa mú un lọ," Odídẹrẹ́ dáhùn. "Ohun tí o fẹ́ fi gbà kò sí nílé mọ́."

Ìkó náà ti wúwo jù lẹ́nu Ẹ̀gà. Nígbà tó dé òkè oko Àyọ̀ká, ó jẹ́ kí ó já bọ́. Àyọ̀ká sáré gbé e.

"Má wulẹ̀ mú un," Ẹ̀gà sọ fún un. "Orin tí wọ́n tìtorí rẹ̀ fún mi ti parẹ́."

"Mo gbọ́," Àyọ̀ká dáhùn. Ó gbọn erùpẹ̀ ara rẹ̀ nù, ó fi aṣọ wé e, ó sì gbé e sínú àpótí. Kí oúnjẹ alẹ́ tó jinná, ó ti pe gbogbo aládùúgbò rẹ̀ wá wò ó.

Láti ọjọ́ náà ni Ẹ̀gà ti ń hun ìtẹ́ tó ní òrùlé, tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kéré tó sì kọjú sí ilẹ̀, bíi ti ilé orin. Òun àti ará rẹ̀ kì í sì í dákẹ́ lórí ọ̀pẹ, kí Àṣá má baà gbọ́ ohùn ọmọ kan láàárín wọn. Ibi tí orin ti bẹ̀rẹ̀ ni Àdàbà ṣì ń kọ títí dòní. Odídẹrẹ́ kó orin tó kù, ó gbé wọn lọ sí àárín igbó, ó sì ń sín ohùn gbogbo ẹni tó bá gbọ́ jẹ, kí òmíràn má baà tún sọ nù.

Láti ọjọ́ yẹn kan náà ni ìkóódẹ ti wọ ọmọ ènìyàn lójú. Àwọn ọmọ ọmọ Àyọ̀ká ti kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ sórí ayélujára báyìí, níbi tí wọ́n ti ń pín orin, fíìmù àti ìwé láàárín ara wọn. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kéré. Ẹni tí ará ilé bá pè ni ó ń wọlé, ẹni tó bá sì gbà gbọ́dọ̀ dúró, kí ó fi ẹ̀rọ rẹ̀ sílẹ̀ ní títàn, kí ẹlòmíràn lè rí gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ènìyàn ń wá ìpè náà kiri, wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ fún un lọ́dọ̀ ẹni tí wọn kò mọ̀ rí. Bí ó bá sì tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́, ọ̀rẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi í hàn.

Nínú ilé náà, lórí ẹ̀ka kan, ẹnìkan ṣì dúró ti orin kan. Ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀. Ó ń retí ẹni tí yóò wọlé.