Ìrẹ̀ Inú Etí Ehoro

Àlọ́ o!

— Àlọ̀!

Ẹ dá mi lóhùn dáadáa, ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí. Ó ti rẹ èmi náà, oko ni mo ti ń bọ̀. Àlọ́ mi gbéra, kò rìn jìnnà, ilé Ehoro ló yà sí. Ó sì bá Ìjàpá ọkọ Yánníbo níbẹ̀.

Ní ìgbà kan rí, gbogbo ẹranko jọ dá oko ọkà bàbà kan. Bí ọkà bá ti yọmọ báyìí, ẹyẹ á bò ó. Ehoro ni wọ́n fi ṣọ́ oko náà. Á jókòó lórí pẹpẹ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, á máa fi irin lu páànù: gbàn-gàn! gbàn-gàn! Ẹyẹ á fò lọ. Ọdún mẹ́fà gbáko ló fi ṣe é. Kò sí ẹni tó bi í léèrè rí bí páànù yẹn ṣe ń rí létí rẹ̀.

Ní ọdún keje, ariwo páànù kò bá ìrọ̀lẹ́ lọ mọ́. Ehoro délé, ó gbé irin sílẹ̀, etí rẹ̀ ṣì ń hó. Wìììì. Ó jẹun, wìììì. Ó dùbúlẹ̀, ó tún wá le sí i, nítorí pé ilé ti dákẹ́. Ó jáde síta, ó ní kí àwọn aládùúgbò jọ̀wọ́ rọra. Wọ́n ní, "Ta ló ń pariwo?" Oorun di ọ̀wọ́n. Ó rẹ Ehoro débi pé wọ́n á kí i tó ẹ̀ẹ̀mejì kó tó dáhùn. Ni àwọn èèyàn bá ń sọ ọ́ káàkiri pé Ehoro ti dití.

Ìjàpá gbọ́. Ẹ kúkú mọ̀ ọ́n. Kò sí nǹkan kan nílé rẹ̀ lọ́dún náà, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé Ehoro ní apẹ̀rẹ̀ èbù iṣu kan lórí àjà, tó fẹ́ gbìn bí òjò bá rọ̀. Kò sí ohun mìíràn tí Ehoro gbójú lé fún ọdún tó ń bọ̀.

Ìjàpá wọlé, ó gbé etí lé etí Ehoro. Ó mi orí.

"Háà! Ehoro, ìrẹ̀ ló kó sí ọ létí. Àgbà ìrẹ̀ ni. Mo ń gbọ́ ọ."

Omi bọ́ lójú Ehoro. Kì í ṣe ìrora ló pa á lẹ́kún. Látọjọ́ tí nǹkan yìí ti bẹ̀rẹ̀, Ìjàpá ni ẹni àkọ́kọ́ tó sọ pé òun ń gbọ́ ọ.

"Alábahun, ṣé yóò jáde?"

"Kí ló máa dá a dúró? Òórùn èbù sísun ni ìrẹ̀ fẹ́ràn. Alaalẹ́ la ó máa sun ún. Ìwọ á kọjú sí ògiri, wàá da ìkòkò borí, kí ojú má baà ti ìrẹ̀. Èmi á kọrin pè é, á jáde, á jẹun. Lọ́jọ́ tó bá yó pátápátá, kò ní padà mọ́."

Ehoro mọ̀ pé ẹni tó bá ń sun èbù jẹ, ebi ọdún tó ń bọ̀ ló ń dáná fún. Ṣùgbọ́n ohun tó ń dun ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Ẹni tí kò bá tíì sùn láti oṣù méjì, ẹ má bi í pé kí ló dé tó gbà. Ó da ìkòkò borí. Ìjàpá ki orin mọ́lẹ̀:

Ìrẹ̀ inú etí o,
— Jáde wéré!
Èbù ti jinná o,
— Jáde wéré!
Epo wà nínú àwo,
— Jáde wéré!
Má jẹ́ kó tutù o,
— Jáde wéré!

Ìjàpá á wá jẹun. Á lá ọwọ́. Nínú ìkòkò lọ́hùn-ún, híhó náà ń pọ̀ sí i ni. Bí Ehoro bá sọ bẹ́ẹ̀, Ìjàpá á ní, "Ìrẹ̀ ló ń jà kó tó lọ. Mú sùúrù."

Nígbà tó di ọjọ́ keje, ojúkòkòrò gun Ìjàpá. Ó mú Yánníbo aya rẹ̀ wá pẹ̀lú àpò ńlá. Lójú tirẹ̀, ẹni tí etí rẹ̀ bá ń hó kò lè gbọ́ràn mọ́. Bó ti jẹun tán, tí Ehoro ṣì da ìkòkò borí, kò tilẹ̀ rẹ ohùn sílẹ̀.

"Yánníbo, gun àjà. Kó gbogbo èbù yẹn, má ṣẹ́ ẹyọ kan kù."

"Ehoro ńkọ́?"

"Adití yẹn? Ìrẹ̀ wo ló wà níbẹ̀! Èmi ò gbọ́ nǹkan kan rí."

Ọ̀rọ̀ èbù dun Ehoro. Ṣùgbọ́n èyí tó sọ kẹ́yìn yẹn ló wọ̀ ọ́ lákínyẹmí ara. Ó rọra ṣí ìkòkò lórí, ó yíjú padà.

"Ìjàpá, etí mi ń hó ni. Mi ò dití."

Jìnnìjìnnì mú Yánníbo, ó já lulẹ̀ láti orí àjà pẹ̀lú àpò, gbìì! Àwọn aládùúgbò sáré wọlé, wọ́n bá èbù nílẹ̀, wọ́n bá epo lẹ́nu Ìjàpá. Wọ́n wọ́ ọ lọ sóko Ehoro. Ọwọ́ kúkúrú yẹn náà ló fi kọ ebè, títí èékánná rẹ̀ fi kán. Ehoro gbin èbù tó kù. Kò pọ̀.

Nígbà tí gbogbo wọn lọ tán, ó ku Ìyá Àgbà Ọ̀yà, tó ń gbé ní ẹ̀bá odò.

"Híhó etí tèmi ti pé ọdún mọ́kànlá," ó wí.

Ehoro nà ró. "Kí lẹ lò tó fi lọ, ìyá?"

"Kò lọ."

Ehoro jókòó sílẹ̀.

"Kò lọ, ọmọ mi. Bí mo bá jókòó tí mo ń ṣọ́ ọ, á máa ga. Bí ibi tí mo wà bá dákẹ́ rọ́rọ́, á tún ga. Ìyẹn ni mo ṣe lọ kọ́lé sẹ́bàá odò. Omi á máa sọ tirẹ̀, etí mi á máa sọ tirẹ̀, èmi á sùn láàárín àwọn méjèèjì. Lọ́jọ́ tó bá burú, mo máa ń wí i fún ẹnìkan. Páànù yẹn, gbé e sílẹ̀ fún wọn. Kí wọ́n máa gbà á lù láàárín ara wọn, kí ẹni tó bá kàn sì fi òwú dí etí."

Ehoro kó lọ sẹ́bàá odò. Ó dùbúlẹ̀, ó ń gbọ́ omi. Nígbà tó máa lajú, ilẹ̀ ti mọ́. Ó sùn! Ó tẹ́tí sílẹ̀ pẹ̀lú ìrètí. Wìììì. Ó ṣì wà níbẹ̀. Inú Ehoro bàjẹ́. Lẹ́yìn náà ó sọ fún híhó náà pé, "O ti jí? Èmi náà ti jí." Ó gbé ọkọ́, ó gba ọ̀nà oko lọ.

Ìdí àlọ́ mi rèé. Ìnira kan wà tí kì í lọ bọ̀rọ̀. Bí a ó ṣe máa bá a gbé là ń kọ́. Ẹni tó bá ní òun á fà á tu lọ́jọ́ kan, ẹ wo ohun tó ń jẹ lọ́wọ́ yín. Bí ẹnìkan bá sì sọ fún yín pé etí òun ń hó, ẹ má parọ́ pé ẹ̀ ń gbọ́ ọ, ẹ má sì ní kò sí nǹkan kan. Ẹ jókòó tì í.

Mo ti pa tèmi tán. Ẹ̀yin tí ilé ń dákẹ́ fún, ẹ lọ sùn.