Ìdí Tí Ọkọ̀ Fi Ń Fẹ̀gbẹ́ Lélẹ̀ Nígbà Tí Omi Bá Fà

"Ìyá, ta ló ń di ọkọ̀ wa mú lábẹ́ omi?"

Orímisan, ọmọ ọdún mẹ́fà, ló béèrè bẹ́ẹ̀. Bàbá rẹ̀, Ikúmápàyí, ní bóyá àjẹ̀ tí òun fi ń tukọ̀ ló ti gbó. Ìyá àgbà ní kò sí ohun tó ṣe àjẹ̀, apá ọmọ òun ni kò lágbára mọ́ láti ìgbà tó ti gbéyàwó. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó rí ìbéèrè ọmọ náà dáhùn. Fẹ̀hìntọlá, ìyá rẹ̀, kò tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ìsàlẹ̀ àmù ló ń wò.

Nígbà láéláé nìyí, nígbà tí ọkọ̀ ṣì ń sọ̀rọ̀, tí omi ọ̀sà kì í sì í kúrò lójú kan. Orí òpó ni wọ́n kọ́ ilé sí láàárín ọ̀sà. Iyọ̀ wà nínú omi tó yí wọn ká, kò ṣeé mu. Àràárọ̀ ni Ikúmápàyí ń tukọ̀ lọ sí odò kékeré kan létí igbó, láti pọn omi dídùn wá.

Tẹ́lẹ̀, kí oòrùn tó mú ló ti ń dé. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ti wá wúwo, bí ó bá jáde láàárọ̀, ó di alẹ́ kó tó wọlé. Omi tó ń gbé bọ̀ kò sì tó nǹkan, torí ọkọ̀ kò lè ru ẹrù mọ́. Ọmọ ọwọ́ Fẹ̀hìntọlá ti ń sunkún tí omijé kò jáde. Ẹkún gbígbẹ yẹn ló ń dẹ́rù ba ìyá rẹ̀.

Ìbéèrè Orímisan kò kúrò lọ́kàn Fẹ̀hìntọlá. Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàsọ̀, ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ ọkọ̀. Nǹkan kan ya á níka.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o," ni ohùn wẹ́wẹ́ kan wí. "A ò mọ̀ pé ọwọ́ ni."

Àwọn ìkarahun kéékèèké ni. Wọ́n lẹ̀ mọ́ ikùn ọkọ̀ pẹ́kípẹ́kí, ewé omi sì hù láàárín wọn bí irùngbọ̀n. Fẹ̀hìntọlá bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kó lọ. Wọ́n ní ibẹ̀ ni àwọn ti bímọ, àwọn ọmọ náà sì ti bímọ.

Ọkọ̀ wá jẹ́wọ́. Ó ní láyé ìgbà kan, orí ilẹ̀ ni wọ́n ń wọ́ òun lọ sùn ní alaalẹ́, iyanrìn a sì máa ha òun níkùn. Ìyẹn ló mú kí òun lọ bẹ Ọ̀sà pé kó jẹ́ kí òun máa sun ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọ̀sà gbà, ṣùgbọ́n ó mú òun búra pé òun kò ní fi ilé rẹ̀ sílẹ̀ gun orí ilẹ̀ mọ́, àti pé òun kò ní lé àlejò rẹ̀, irú àwọn ìkarahun yìí. Bí òun bá da ìbúra náà, Ọ̀sà yóò ṣẹ́ òun sí méjì.

Ìyá àgbà ní kí wọ́n wọ́ ọ lọ sórí ilẹ̀ bó ti wù kó rí. Fẹ̀hìntọlá bi í pé bí ọkọ̀ bá ṣẹ́, kí ni wọn yóò fi pọnmi?

Fẹ̀hìntọlá jókòó sórí àkàsọ̀, ó kí Ọ̀sà kú ìjókòó, ó sì ro ẹjọ́ rẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ mi kì í yẹ̀," ni Ọ̀sà wí. "Ọkọ̀ kò gbọdọ̀ kúrò nílé mi."

"Mo gbọ́, Ìyá. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà, ṣé ẹ kì í jáde ni? Wọ́n ní ẹ kò lọ kí Òkun, ẹ̀gbọ́n yín, rí."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Gbogbo ayé ni. Bí ẹ bá lọ kí i, tí ẹ bá ọkọ̀ níbi tí ẹ fi í sí, ṣé ó kúrò nílé yín? Bí ọwọ́ wa bá sì kan àlejò yín, ṣé ọkọ̀ ló lé wọn?"

Ọ̀sà rò ó, ó rẹ́rìn-ín títí ìgbì fi lu òpó ilé. Ó ní ìyá ọlọ́mọ kò ṣeé bá jiyàn. Òun yóò lọ kí Òkun, ṣùgbọ́n òun kò ní pẹ́.

Ni omi bá fà. Ẹrẹ̀ yọ. Ọkọ̀, tí omi kò fi sílẹ̀ rí, kò mọ bí a ṣe ń dá dúró; ó yẹ̀, ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀.

Kíá ni gbogbo ará ilé bọ́ sínú ẹrẹ̀. Bí àwọn ìkarahun ti rí ọ̀bẹ ni wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Ikúmápàyí ha wọ́n kúrò, Orímisan ń fi èèpo àgbọn fọ ewé omi. Ìyá àgbà fi imọ̀ ọ̀pẹ tó ń jó ra ikùn ọkọ̀ kó lè gbẹ, Fẹ̀hìntọlá sì fi oje igi tí wọ́n pò mọ́ àdín kùn ún. Wọn kò tíì dé ẹ̀gbẹ́ kejì tí Ọ̀sà fi dé. Lọ́jọ́ kejì, ó tún jáde. Wọ́n gbé ọkọ̀ yí, wọ́n ṣe ẹ̀gbẹ́ tó kù. Ìlà kan ṣoṣo lábẹ́ pátápátá, tó rì sínú ẹrẹ̀, ni ọwọ́ wọn kò tó. Ọ̀sà ní kí wọ́n fi ìyẹn sílẹ̀ fún àwọn àlejò òun.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, oòrùn kò tíì mú tí Ikúmápàyí fi dé, àmù kún. Ọmọ ọwọ́ mu, ó mu, ó tún mu. Nígbà tó yá, ó sunkún nítorí wọ́n gba igbá lẹ́nu rẹ̀, omijé sì ṣàn lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Fẹ̀hìntọlá fi àtàǹpàkò nù ún, ó ń wo ìka náà.

Láti ọjọ́ náà ni omi ọ̀sà ti ń fà, tó sì ń padà kún. Láti ọjọ́ náà ni ọkọ̀ ti ń fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ bí omi bá fi í sílẹ̀, tí àwọn apẹja ń kun ẹ̀gbẹ́ kan lónìí, ẹ̀gbẹ́ kejì lọ́la, láìgbé e gun orí ilẹ̀. Àwọn ìkarahun pẹ̀lú, bí omi bá ti ń lọ, wọn a ti ilẹ̀kùn wọn.

Lálẹ́ ọjọ́ kẹta yẹn, Ìyá àgbà ló kọ́kọ́ sùn, ọ̀rọ̀ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ikúmápàyí tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà Orímisan, lẹ́yìn náà ọmọ ọwọ́. Fẹ̀hìntọlá fetí sí èémí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, títí oorun fi gbé òun náà lọ.