Ẹni Tó Jẹ Oúnjẹ Ìjà

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Àlọ́ mi ṣubú gbì, ó dìde, ó gbọn eruku ìdí rẹ̀, ó dá lórí Ẹtu oníjàkadì àti Òkété alájẹjù.

Ní ìgbà kan rí, ọdọọdún ni ẹ̀ẹ̀rùn ń mú ní ilẹ̀ àwọn ẹranko. Gbogbo odò á gbẹ, á ku ẹyọ kan, èyí tó wà láàárín ìlú Ẹtu àti ìlú Túùkú. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ mọ Túùkú? Ẹlẹ́dẹ̀ inú igbó ni, ọrùn rẹ̀ ki, eyín rẹ̀ yọ síta. Ìlú méjèèjì kì í jagun nítorí omi. Ìjàkadì ni wọ́n ń jà. Ìlú tó bá borí ni yóò máa mu omi àárọ̀, nígbà tó mọ́ lóló. Èyí tó bá ṣubú, ó di ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ẹsẹ̀ ti pò ó di ẹrẹ̀.

Ẹtu ló ń jà fún ìlú tiwọn. Kò ga, kò sanra, ṣùgbọ́n ẹ má wo kékeré rẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, ó gbé Túùkú ṣánlẹ̀, àwọn arúgbó pàápàá jó. Mo fẹ́ràn Ẹtu, n kò ní fi pa mọ́.

Bó ṣe ń múra rèé. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, kò ní fi ohunkóhun kan ẹnu, àfi omi díẹ̀. Yóò sáré, yóò máa ti kùkùté ọ̀gẹ̀dẹ̀ títí oòrùn yóò fi wọ̀. Nígbà náà ni ìlú yóò gbé oúnjẹ ìjà wá: iṣu, ẹ̀wà, ẹ̀pà tútù. Ẹtu yóò jẹ, yóò yó, yóò sùn. Ara rẹ̀ á fúyẹ́ lọ́sàn-án, á sì gba agbára lóru.

Oúnjẹ yẹn ní èèwọ̀ kan. Ẹni tó bá jẹ ẹ́, òun ni yóò jà. Nítorí náà ẹnikẹ́ni kì í tọ́ ọ wò.

Òkété ni wọ́n ní kó máa gbé e lọ fún Ẹtu. Òkété mọ èèwọ̀, àmọ́ ọ̀fun rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó gbé àwo sẹ́yìn, ó ní, “Ẹtu, ọmọ akin, ààwẹ̀ ojúmọmọ lásán lo fi gbé Túùkú ṣánlẹ̀. Bó o bá gba tòru mọ́ ọn ńkọ́? Ọwọ́ kan lo máa fi gbé e.”

Oríyìn ń dùn létí akin. Ẹtu ní kó gbé oúnjẹ náà kúrò níwájú òun. Òkété dé ẹnu ihò rẹ̀, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì kó o, ó jẹ ẹ́, ó lá àwo. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo. Ewé igi kíkan ni Ẹtu ń jẹ, ìyẹn náà tí ebi bá fẹ́ pa á.

Lákọ̀ọ́kọ́, ara Ẹtu fúyẹ́, ó rò pé agbára ni. Nígbà tó yá, òòyì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ. Kùkùté ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó máa ń tì ṣubú, ó tì í, òun ló fìdí jókòó. Òkété ní kó má bẹ̀rù, pé agbára náà sá pamọ́ ni, yóò jáde lọ́jọ́ ìjà. Ẹtu bi í pé kí ló wú u lẹ́rẹ̀kẹ́. Ó ní eyín ló ń dun òun.

Ọjọ́ ìjà pé. Àgbà ìlú, Ẹfọ̀n, tó ti jà nígbà èwe rẹ̀, dúró láàárín yanrìn, ó dá orin tí wọ́n fi ń pe oníjà. Ẹ bá mi gbè é:

Ta ló jẹ oúnjẹ ìjà o?
*Gídígbò, gídígbò.*
Kó bọ́ síta ká rí i o.
*Gídígbò, gídígbò.*
Ilẹ̀ tí a tẹ̀ ń gbọ́ o.
*Gídígbò, gídígbò.*

Lọ́dọọdún, Ẹtu a fò síta, a ní, “Èmi ni.” Lọ́dún yìí, kò fò síta. Ó rí ìyá rẹ̀ láàárín èrò, tó gbé akèrègbè tó fẹ́ fi pọn omi àárọ̀ dání. Ojú tì í gan-an. Síbẹ̀ ó gbé orí sókè.

“Bàbá, n kò jẹ ẹ́. Òkété tàn mí, èmi náà sì gbà, torí mo fẹ́ kí wọ́n máa pariwo orúkọ mi. Àmọ́ n kò ní purọ́ fún ilẹ̀ yìí.”

Gbogbo ojú yí sí Òkété. Ikùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀. Ó ní eyín dídùn kò ní jẹ́ kí òun lè jà. Ẹfọ̀n wò ó, ó ní, “Òkété, báyìí ni ìwà rẹ.” Wọ́n tì í sínú yanrìn.

Túùkú kò tilẹ̀ dì í mú. Imú ló fi sún un. Òkété yí bìrìpé, ó fẹ̀yìn lélẹ̀, ẹ̀pà ìlú dà síta lẹ́nu rẹ̀ wururu. Èrò rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Àfi ìyá Ẹtu, tó rọra gbé akèrègbè rẹ̀ sílẹ̀.

Àwọn ará ìlú Túùkú ń jó. Túùkú nìkan ni kò jó. Ó wá bá Ẹtu, ó ní, “Ìwọ lo dá mi lọ́dún tó kọjá, ìwọ ni mo wá bá jà. Omi tí mo bá gbà lọ́wọ́ Òkété, yóò há mi lọ́fun. Lọ jẹun. Tí oṣù tuntun bá lé, ká pàdé níbí.”

Ẹ ò rí akin bí!

Ẹtu padà sí ààwẹ̀ rẹ̀ àtijọ́. Ó ń gbà á lójúmọmọ, ó ń ṣínu nírọ̀lẹ́, ìyá rẹ̀ ló sì ń gbé àwo wá. Oṣù lé. Ẹfọ̀n dá orin, Ẹtu fò síta, ó ní, “Èmi ni!” Eruku bo àwọn méjèèjì. Túùkú tì í, ó yẹ̀; Túùkú tún bì lù ú, Ẹtu fi ẹsẹ̀ kọ́ ọ. Gbì! Túùkú ló wà nílẹ̀.

Ẹtu na ọwọ́, ó fà á dìde. Ó ní níwájú gbogbo ìlú, “Ẹni tó ní kí n lọ jẹun kò ní mu omi ẹrẹ̀ lójú mi. Láti ọ̀la, àárọ̀ ni gbogbo wa yóò jọ máa pọn ọ́n.” Àwọn méjèèjì jọ rìn lọ sí odò, èjìká kan èjìká. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, orí mi ń wú.

Òkété ńkọ́? Láti ọjọ́ náà ni kì í ti í jáde lójúmọmọ mọ́.

Ìdí àlọ́ mi rèé: ààwẹ̀ tí kò ní ìṣínu, ebi lásán ni. Ẹni tó bá sì jẹ oúnjẹ ìjà, kó wá jà. Bí mo bá bù mọ́ ọn, kí ahọ́n mi má mọ adùn iyọ̀ lọ́la.